Rọ̀ ni, àbí rọ?

Mi ò gbọ́ ọ dáadáa, ohun tó ń jà mí nìyẹn. Ilẹ̀kùn wà láàárín wa, fáànù ń kùn, ìyàwó mi ń bá ọmọbìnrin wa sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó ní, "Bàbá yín ti rọ̀." Àbí ó ní mo ti rọ? Ẹ̀yin náà mọ̀ pé àmì bíńtín orí ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ohun tá à ń fojú fò. Ẹni tó rọ̀, inú rẹ̀ ti tutù, ó ti ṣeé sún mọ́. Ẹni tó rọ... ó rọ lápá, ó rọ lẹ́sẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín.

Tòní kò pọ̀. Mo lọ sílé ìwòsàn láàárọ̀, mo gba abẹ́rẹ́ kẹfà fún jẹjẹrẹ próstéètì mi (ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀), mo padà sílé, mo sùn. Nọ́ọ̀sì ọlọ́wọ́ tútù yẹn náà ni. "Ẹ mí kanlẹ̀, sà," kó tó ti kóró tí kò ju hóró ìrẹsì lọ sábẹ́ awọ ikùn mi. Kóró bíńtín, oṣù mẹ́ta gbáko ló fi ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kí testosterone, èròjà ara ọkùnrin tí jẹjẹrẹ yẹn ń jẹ dàgbà, má yọjú. Ẹ̀jẹ̀ ti sarajọ síbẹ̀, ó ń ro mí díẹ̀díẹ̀.

Tí agbára èyí bá tán, oṣù 18 pé. Dókítà ní ká jọ rò ó bóyá ká dá a dúró níbẹ̀ tàbí ká máa bá a lọ. Ẹ rántí pé ọdún mẹ́ta ni wọ́n dá fún mi nígbà tí iná ẹ̀rọ tí wọ́n fi jó jẹjẹrẹ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Ó sọ fún mi nípa ìwádìí kan ní Kánádà, ọkùnrin 630, tí wọ́n fi olóṣù 18 wé olóṣù 36, tí wọn ò sì rí i kí ẹ̀mí àwọn tó pẹ́ lórí abẹ́rẹ́ gùn ju tàwọn yòókù lọ lọ́nà tó hàn gbangba. Ó kù díẹ̀ kí n dìde jó. Ó wá fi kún un pé ìwádìí mìíràn wà tí àwọn tó lo ọdún mẹ́ta fi pẹ́ láyé ju àwọn tó dáwọ́ dúró ní oṣù mẹ́fà lọ. Mo bá rọra fara ti àga padà. Ọ̀sẹ̀ 12 ló fún mi kí n fi ronú.

Mo fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí abẹ́rẹ́ yìí. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Ooru tí abẹ́rẹ́ yìí ń dá sí mi lára nìkan tó ohun téèyàn ń tìtorí ẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Àyà ló ti ń bẹ̀rẹ̀, á gun ọrùn, á bo ojú, kí n tó ṣẹ́jú, irọ̀rí ti tutù rin. Ìgbà yẹn ni òtútù á wá gbé mi. Táwẹ́ẹ̀lì kan ń bẹ lórí irọ̀rí, òmíràn wà létí bẹ́ẹ̀dì. Àyà mi ń dùn mí bí bẹ́líìtì mọ́tò bá kàn án. Ṣòkòtò ò dé ìbàdí mọ́, apá sì ń tín-ínrín sí i. Tọkọtaya... ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Àwòrán tí wọ́n yà fi hàn pé egungun mi ti ń fúyẹ́ díẹ̀, òun ló fà á tí mo fi ń lo káṣíọ̀mù, tí mo sì ń gbé irin láràárọ̀. Ṣebí alágbẹ̀dẹ náà ń rọ irin. Bóyá rọ tó ní lọ́kàn nìyẹn! Mo mọ̀ pé kì í ṣe òun.

Ká ní rọ̀ ni, ṣé irọ́ ló pa? Mi ò pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni láti ọdún tó kọjá. Èmi tí àwọn ọmọ ń gbọ́ ìró kọ́kọ́rọ́ mi lẹ́nu ilẹ̀kùn tí wọ́n ń sáré pa tẹlifíṣọ̀n. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ kékeré kan ń bá bàbá rẹ̀ so okùn bàtà nínú ìpolówó, omi ń dà lójú mi pòròpòrò. Ọṣẹ ìfọṣọ ni wọ́n ń polówó o.

A jẹ́ pé testosterone ló ń bá àwọn ọmọ yẹn wí láti ọjọ́ yìí, èmi kàn ń yá a lẹ́nu? Rárá o, mi ò gbà. Ẹni tí ikú yà wò, tó sì tún lọ, ṣé kò yẹ kó rọ̀ ni? Àárẹ̀ ńkọ́? Ẹni tó rẹ̀ kó tó ti orí àga dé bẹ́ẹ̀dì, níbo ló ti fẹ́ rí ariwo pa? Síbẹ̀síbẹ̀...

Dókítà ní bí mo bá sọ̀ kalẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ kejì ni gbogbo rẹ̀ ń padà. Oṣù mélòó kan ni, nígbà mìíràn ó ń lé lọ́dún, lára àwa àgbà mìíràn kì í padà tán. Bó bá wá padà, kí ló ń bọ̀? Agbára mi ń bọ̀, oorun mi ń bọ̀, ohun tí mo ní ká fi sílẹ̀ yẹn náà ń bọ̀. Ìró kọ́kọ́rọ́ yẹn ńkọ́?

Mo bi ìyàwó mi lọ́sàn-án pé kí n dúró níbẹ̀ àbí kí n máa lọ. "Èyí tí ẹ ó fi wà láyè ni, Dádì." Ìyẹn kọ́ ni mo bi í.

Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ooru ti dé bí mo ṣe ń tẹ èyí lọ́wọ́. Ìyàwó mi na ọwọ́ yí fáànù sọ́dọ̀ mi láìlajú, ó wá fa aṣọ ìbora tirẹ̀ dé etí, torí òtútù ń mú un. Mo ní kí n bi í. Ó ti ń hanrun.