Inú ẹ̀wọ̀n àtijọ́ ni mo ti ń jẹ súyà

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní Freedom Park l'Ékòó ni. Ní Broad Street níta, ọkọ̀ àti èrò ò jẹ́ kéèyàn ríbi fẹsẹ̀ tẹ̀. Bí mo ṣe wọlé báyìí, ẹsẹ̀ nìkan ni gbogbo èèyàn fi ń rìn, kò sẹ́ni tó ń pariwo "ẹ yàgò!"

Ọgbà ẹ̀wọ̀n àwọn òyìnbó amúnisìn ni tẹ́lẹ̀ o, ọdún 2010 ni wọ́n ṣí i gẹ́gẹ́ bí ọgbà ìgbafẹ́. Wọ́n ti Herbert Macaulay àti Awólọ́wọ̀ mọ́lé níbẹ̀ rí.

Mo dúró síbi tí yàrá ẹlẹ́wọ̀n kan wà, súyà lọ́wọ́ kan, mo na ìkejì. Àyè yẹn mà há o! Ara mi bù máṣọ, súyà ò wọ ọ̀fun mọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti débẹ̀, ṣé bó ṣe ṣe yín náà nìyẹn?