Fóònù kékeré màmá ní Ìtòkú

Ọjọ́rú, agogo mẹ́wàá alẹ́ ti kọjá díẹ̀, Panseke ní Abẹ́òkúta ni mo wà.

Iná ò lọ látàárọ̀, mo dúpẹ́ gidi, torí iṣẹ́ tòní, ká ní jẹnẹrétọ̀ ni mo fi ṣe é ni, owó epo ì bá ti jẹ owó iṣẹ́ tán.

Àná lọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Mo lọ bá màmá tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, àwọn tí mò ń ṣe áàpù fún kí wọ́n lè máa gba ọ́dà lórí fóònù. Lórí fóònù tèmi, kò sí wàhálà. Màmá wá ṣí i lórí tiwọn, fóònù kékeré ni, wọ́n sì ti sọ lẹ́tà inú ẹ̀ di ńlá torí ojú wọn, ni mo bá rí i pé aṣọ méjì tó yẹ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ìkejì ti yọ jáde lójú skrínì, iye owó tó wà lábẹ́ tàkọ́kọ́ náà sì gé, orí nọ́ńbà nìkan lèèyàn ń rí. Màmá gbé fóònù sún mọ́ ojú, wọ́n gbé e jìnnà, wọ́n ní, "Ọmọ mi, èló ni wọ́n kọ síbí?" Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí o. Ẹni tó ni ọjà ò lè ka iye tí wọ́n ń ta ọjà wọn.

Láàárọ̀ yìí mo ṣí fáìlì ẹ̀. React Native, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń kọ áàpù fóònù, ni mo fi kọ ọ́. Káàdì aṣọ kan péré, ìyẹn àpótí tó ń fi aṣọ kan àti iye ẹ̀ hàn, style tó wà lábẹ́ ẹ̀, àwọn ìlà tó ń sọ bó ṣe máa rí, lé ní ogójì ìlà: marginLeft 8, marginTop 13, width 187, height 210, position absolute tó ń kan nǹkan mọ́ ojú kan. Mo mọ bí wọ́n ṣe débẹ̀. Nǹkan yẹ̀ díẹ̀, mo fi margin kan, ìyẹn àyè ìta nǹkan, tì í, ó tún yẹ̀ síbòmíì, mo fi òmíì tì í, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ó fi dúró dáadáa lórí fóònù kan ṣoṣo láyé, ìyẹn tèmi.

Mo mú bírò. Fóònù tèmi fẹ̀ tó 412 dp, ìwọ̀n tí áàpù fi ń wọn skrínì, ti màmá 360. Káàdì méjì jẹ́ 374, margin 8 lọ́tùn-ún lósì káàdì kọ̀ọ̀kan jẹ́ 32, gbogbo ẹ̀ jẹ́ 406. Ó wọ tèmi, ó fi 46 ju ti màmá lọ. Lórí wẹ́ẹ̀bù, flexbox, ètò tó ń pín àyè fún nǹkan, á fún nǹkan mọ́ra bí àyè ò bá tó, ṣùgbọ́n ní React Native òdo ni flexShrink, ìyẹn agbára fífún mọ́ra, àyàfi téèyàn bá yí i padà, kò ní fún nǹkan kan mọ́ra, ńṣe ló máa jẹ́ kó yọ síta.

Gbogbo ohun tí mo wá ṣe ni pé mo gba àyè pínpín lọ́wọ́ àwọn káàdì, mo gbé e fún àpótí ńlá tó kó wọn sínú. flexDirection row kí wọ́n lè tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, padding 16 fún àyè etí inú àpótí, gap 12 fún àyè àárín káàdì, ó tán. Káàdì kọ̀ọ̀kan gba flex 1, ìyẹn ìpín kan náà nínú àyè tó kù, kò sí width mọ́. Lórí fóònù màmá káàdì kan di 158, lórí tèmi 184, èmi kọ́ ni mo sì ṣírò ẹ̀. gap yìí, version 0.71 React Native ló mú un dé ní oṣù kìíní 2023, kó tó dé, margin la máa ń fi sára káàdì kọ̀ọ̀kan. Mo ti upgrade tipẹ́, margin yẹn ṣì jókòó síbẹ̀. Mo pa á rẹ́.

Obìnrin kan ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù màmá lánàá, kó tó ti ìyẹ́ adìyẹ bọ ẹ̀kọ, ó ṣẹ́ aṣọ po sí méjì, ó tún ṣẹ́ ẹ po, ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ìgbà tó tẹ́ ẹ padà, ojú ilé mẹ́rin-mẹ́rin ti hàn lára ẹ̀. Kò fi tépù wọn nǹkan kan. Mo ń rántí ẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí mò ń pa nọ́ńbà rẹ́.

Mo yọ height 210 náà. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá wà, kí ẹnikẹ́ni má fi nọ́ńbà de gíga ẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Text, ìyẹn ọ̀rọ̀ ojú skrínì, máa ń tẹ̀lé ìwọ̀n lẹ́tà tí ẹni tó ni fóònù yàn, tí lẹ́tà bá tóbi tí àpótí ò tóbi, ọ̀rọ̀ á gé ni. Àwọn kan máa ń fi allowFontScaling false pa á, kí lẹ́tà má bàa tóbi, mi ò fara mọ́ ọn rárá, màmá ò sọ lẹ́tà di ńlá fún eré. Bọ́tìnnì tí mo fi absolute kàn mọ́lẹ̀, marginTop auto, tó ń tì í lọ sí ìsàlẹ̀ káàdì, ló gba ipò ẹ̀, torí náà tí orúkọ aṣọ kan bá tiẹ̀ wọ ìlà méjì, bọ́tìnnì méjèèjì ṣì wà ní ìlà kan náà.

Ní ìrọ̀lẹ́ mo fi APK, fáìlì áàpù náà, ránṣẹ́ sí ọmọ wọn lórí WhatsApp. Kò pẹ́, màmá fúnra wọn pè mí. "Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ààbọ̀ lẹ kọ síbí? Iye yẹn ti pẹ́ o, ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án la ń tà á báyìí." Mo ti tún un ṣe.