Kì í ṣe gbogbo ooru ara obìnrin ni ti nǹkan oṣù

Bí obìnrin bá ti lé ní ogójì ọdún, tó wá ní ara òun ń gbóná, inú òun sì ń ṣí, ìdáhùn ti wà nílẹ̀ dè é: "Nǹkan oṣù ló fẹ́ dá, màmá." Ohun tí wọ́n ń sọ fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin nìyẹn, tó ń ta èlùbọ́ ní Bódìjà. Wọ́n ní kí ẹ̀gbọ́n mi yé ronú. Àṣé kókó ló wà nínú ìfun wọn, irú jẹjẹrẹ kan tí àwọn dókítà ń pè ní neuroendocrine tumour. Kókó yìí lè máa da họ́mónù sínú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn ló ń fa ooru àti ìgbẹ́ gbuuru.

Ẹ̀yin obìnrin, ooru ti nǹkan oṣù sábà máa ń mú èèyàn làágùn. Ti ẹ̀gbọ́n mi, ojú àti àyà wọn á gbóná bí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ sídìí ààrò, ṣùgbọ́n gbígbẹ ni, kò sí òógùn. Lára wa tó dúdú, pípọ́n rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn. Ẹ má retí kí dókítà fojú rí i, ẹ sọ ọ́. Ìgbẹ́ tó bá ń jí èèyàn lóru, ẹ má gbà pé ìrònú ló fà á.

Nígbà tí a dé UCH, ilé ìwòsàn ńlá tó wà n'Ìbàdàn, wọ́n ní kí ẹ̀gbọ́n mi gba ìtọ̀ wákàtí 24 sínú kẹ́ẹ̀gì, kí wọ́n lè wá àmì họ́mónù náà nínú rẹ̀. Ìtọ̀ àkọ́kọ́ láàárọ̀, dídànù ni. Èyí tó tẹ̀ lé e títí di àárọ̀ ọjọ́ kejì, inú kẹ́ẹ̀gì ni gbogbo rẹ̀. Kó tó di ọjọ́ náà, ẹ jìnnà sí dòdò, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ọ̀pẹ̀ òyìnbó, píà àti àsálà, torí wọ́n máa ń da èsì rú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gé díẹ̀ lára kókó náà láti wo Ki-67, èyí tó ń fi hàn bóyá ó ń yára dàgbà.

Ẹ̀yin ọkùnrin, nínú ọ̀pọ̀ ìwádìí, obìnrin tó ní àìsàn yìí máa ń pẹ́ láyé jù yín lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi àgbo jẹ̀díjẹ̀dí fa àkókò. Steve Jobs, ọ̀kan lára àwọn tó dá iléeṣẹ́ Apple sílẹ̀, mọ̀ ní 2003 pé òun ní irú kókó yìí, ó di 2004 kó tó gbà kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ; ó kú ní 2011.

Octreotide, abẹ́rẹ́ tó ń dín họ́mónù tí kókó náà ń dà kù, ni wọ́n ń gún fún ẹ̀gbọ́n mi ní ìdí lóṣooṣù. Oògùn jẹjẹrẹ sábà máa ń da obìnrin láàmú ju ọkùnrin lọ, nítorí náà ẹ máa kọ ohun tó bá ń ṣe yín sílẹ̀. Bí abẹ́ ìhà ọ̀tún bá ń dùn yín lẹ́yìn tí ẹ bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ yìí, ẹ ní kí wọ́n fi scan wo àpò òróòro yín, torí ó lè fa òkúta síbẹ̀.