Àwọn ọlọ́dẹ inú ojú mi

Ẹ bá mi gbọ́ o. Mo jí láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ojú ọ̀tún kọ̀, kò ṣí. Ipin ti lẹ ìpéǹpéjú méjèèjì pọ̀ gbagidi. Kí lèmi náà ṣe? Mo fa oògùn apakòkòrò tó ṣẹ́kù láti èṣí yọ, mo ń kán an bí ẹni ń bomi rin òdòdó.

Ní ọjọ́ kẹta, ó ń ta mí ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Mo bá forí lé ọ̀dọ̀ dókítà ojú. Wọ́n tan iná sí i, wọ́n mi orí: "Ta ló ní kí ẹ kán eléyìí? Fáírọ́ọ̀sì ló ń bá yín jà, ẹ wá ń pa àwọn ọlọ́dẹ yín."

Ọlọ́dẹ kẹ̀? Nínú ojú?

Wọ́n ní bakitéríà, àwọn tí oògùn yẹn ń pa, ń gbé lójú tó dá ṣáṣá pàápàá. Wọn ò kàn pọ̀ tó ti ẹnu tàbí ti awọ ara, torí omijé ní lysozyme tó ń pa kòkòrò (Alexander Fleming ló kọ̀wé nípa rẹ̀ lọ́dún 1922, kó tó kan penicillin). Lọ́dún 2017, àwọn olùwádìí ní National Eye Institute, l'Amẹ́ríkà, rí i pé bakitéríà kan, Corynebacterium mastitidis, tó ń gbé lójú eku ló ń ta àwọn ọmọ ogun ara jí, tí Pseudomonas, bakitéríà tó ń kó àrùn bá ojú, ò fi ráyè wọlé. Eku ni wọ́n fi ṣe é o, kì í ṣe èèyàn.

Mo ti sọ ìgò yẹn nù. Ojú ṣì pọ́n díẹ̀, ẹ má bi mí ẹni tó pa mí lẹ́kún.