Ọkọ̀ ogun lórí tábìlì ìjẹun

Àbúrò mi pè mí lórí fídíò lálẹ́ àná, ó bá mi nídìí ọkọ̀ ojú irin kékeré tí mò ń kùn. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ò rí ọ̀dà tó ń dán rà ni? Ó rí bí ẹrẹ̀!"

Ẹ̀rín pa mí. Bó ṣe yẹ kó rí gan-an nìyẹn. WD Austerity ni, ẹ̀ńjìnnì tí R. A. Riddles ya àwòrán rẹ̀ fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà ogun Hítílà. 935 ni wọ́n ṣe láàárín 1943 sí 1945. Kò sí àkókò, irin ò pọ̀. Ta ló fẹ́ ráyè ṣe oge sí i lára? Tèmi yìí jẹ́ ìdá kan nínú 76 ìwọ̀n ti gidi.

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ẹrù tó ń wọ́ lẹ́yìn ló wù mí jù: Warwell. Wọ́n rẹ àárín rẹ̀ sílẹ̀ kí táńkì Sherman lè jókòó síbẹ̀, kó sì gba abẹ́ afárá kọjá láì forí sọ. Mo rọra tì í gba abẹ́ afárá tí mo fi páálí ṣe. Ó kọjá!

Àbúrò mi ní kí n ṣe èyí tó ń lọ sí Ìbàdàn. Mo ní kó kọ́kọ́ fi owó ọ̀dà ránṣẹ́.