Wọ́n ti ní kí Woodcroft máa lọ

Edmonton, Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 12 oṣù Bélú, 2023

Mo ń gé ẹran wẹ́wẹ́ sínú àwo fún bàbá kan tí mò ń tọ́jú ní ilé àwọn arúgbó, ni rédíò ojú fèrèsé rẹ̀ bá sọ ọ́: wọ́n ti já ìwé gbélé-ẹ fún Jay Woodcroft, akọ́nimọ̀ọ́gbá Oilers, ikọ̀ họ́kì ìlú yìí. Bàbá gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. “Ta ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀?” Kò béèrè ẹ̀ṣẹ̀ tí ọkùnrin náà ṣẹ̀. Láti àárọ̀ ni ìbéèrè yẹn kò ti kúrò lọ́kàn mi.

Ẹ̀yin ará ilé tí ẹ kò mọ họ́kì, orí yìnyín ni wọ́n ti ń gbá a, róbà dúdú pẹlẹbẹ kan ni wọ́n sì ń fi ọ̀pá lé kiri. Ìlú yìí kò fi ṣeré rárá. Bí ará Ìbàdàn ṣe ń gbé ọ̀rọ̀ 3SC lé orí ni tiwọn, ó tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n gba ife Stanley, ife tó ga jù nínú họ́kì níhìn-ín, láàrin 1984 sí 1990. Látìgbà náà, ojú ń pọ́n wọn.

Sáà yìí ni gbogbo ènìyàn ti fọkàn sí. Connor McDavid, balógun ikọ̀ tó ń wọ nọ́ńbà 97, gbá góòlù 64 wọlé ní sáà tó kọjá, ó sì tún wà nídìí 89 mìíràn tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbá wọlé. Ta ló máa rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tí kò ní máa fojú sọ́nà? Àmọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ gan-an ni Vancouver fi 8-1 lù wá. Nínú ìdíje 13, mẹ́ta péré la jáwé olúborí. Èyí tó ká mi lára jù ni ti Ọjọ́bọ̀ tó kọjá. San Jose, ikọ̀ tí kò rí ìdíje kan ṣoṣo mú nínú 11 tó kọ́kọ́ gbá, tí wọ́n ti gbá góòlù mẹ́wàá-mẹ́wàá sínú àwọ̀n rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra, òun ló na wá 3-2. Ọmọ mi ọkùnrin wò ó dé òpin. Kò sunkún. Ó bọ́ aṣọ 97 rẹ̀, ó ká a sí mẹ́rin, ó sì tì í sí ìsàlẹ̀ dúrọ́ọ̀ lábẹ́ aṣọ òtútù. Lánàá wọ́n na Seattle 4-1. Ó ti pẹ́ jù fún Woodcroft.

Nígbà tí mo sinmi lọ́sàn-án, mo pe ẹ̀gbọ́n mi kan, ará Ìjẹ̀bú, tó ń wa bọ́ọ̀sì níhìn-ín. Òun ló kọ́kọ́ là mí lóye eré yìí lọ́dún tí mo dé. N kò tíì kí i tán tó fi bẹ̀rẹ̀.

“Àbúrò, ṣé o ti gbọ́? Ọmọ yẹn ti jẹ orí olùkọ́ rẹ̀.”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀.”

“Kí wá ni kí n sọ? Ta ni Jeff Jackson? Ṣé kì í ṣe aṣojú McDavid ni kó tó di ọ̀gá ní Oilers ní oṣù Ògún? Ta ni Knoblauch tí wọ́n mú wá yìí? Ṣebí òun ló kọ́ McDavid ní ikọ̀ Erie nígbà tó ṣì kéré?”

N kò lè pè é nírọ́, nítorí òótọ́ ni méjèèjì. Àwọn ọ̀gá ikọ̀ ní àwọn kò fọ̀rọ̀ lọ eléré kankan kí àwọn tó ṣe é. Èmi gbà wọ́n gbọ́. Ẹ̀gbọ́n ní òun kò gbà. A fà á títí àkókò ìsinmi mi fi tán, n kò sì rí oúnjẹ mi jẹ.

Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n pé ara McDavid kò tíì yá. Ọjọ́ 21 oṣù Ọ̀wàrà ló fara pa nínú ìdíje pẹ̀lú Winnipeg. Wọ́n ní ó máa tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kó tó padà, ọjọ́ kẹjọ ló ti wà lórí yìnyín ní Commonwealth Stadium, níta gbangba nínú òtútù, tí wọ́n na Calgary. Ẹni tó bá ń wò ó dáadáa máa rí i. Níbi tó ti máa ń já gba àárín ẹni mẹ́ta kọjá, ó ń dúró, ó ń wojú ẹni tó máa gbé e fún. Ṣé ẹni tó ń fi egbò gbá eré la ó máa bú?

Woodcroft náà kì í ṣe ọ̀lẹ. Oṣù Èrèlé 2022 ló gba ikọ̀ yìí, lọ́dún yẹn náà ló gbé wọn dé ìpele tó kángun sí àṣekágbá. Kí ló wá bàjẹ́? Ẹnu ilé ni. Jack Campbell, aṣọ́lé tí wọ́n fún ní mílíọ̀nù 25 dọ́là fún ọdún márùn-ún, ọ̀sẹ̀ yìí ni wọ́n dá a padà sí ikọ̀ kékeré ní Bakersfield. Akọ́nimọ̀ọ́gbá kọ́ ló fún un lówó yẹn, kò sì lè wọ bàtà yìnyín kó lọ dúró lẹ́nu ilé fúnra rẹ̀. Ó dùn mí pé òun ló ru ẹrù náà lọ. Láti 2015 tí McDavid ti dé, akọ́nimọ̀ọ́gbá karùn-ún nìyí: McLellan, Hitchcock, Tippett, Woodcroft, Knoblauch ló kàn.

Nígbà tí mo padà lọ kó àwo, bàbá ṣì ń ro ọ̀rọ̀ náà. Ó sọ ti ọjọ́ 9 oṣù Ògún 1988 fún mi. Ó ní orí àkàbà lòun wà, òun ń kun ilé aládùúgbò òun, tí rédíò fi sọ pé wọ́n ti ta Wayne Gretzky, ìràwọ̀ Oilers nígbà náà, sí Los Angeles. Ó sọ̀kalẹ̀, ó fi búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ lórí koríko, ó wọlé lọ jókòó. Nígbà tó máa padà débẹ̀ lọ́jọ́ kejì, búrọ́ọ̀ṣì ti gan. Ó fi ìka lu tábìlì láti fi bó ṣe le tó hàn mí: kó, kó, kó.

Àṣé ohun tó wà nídìí ìbéèrè rẹ̀ nìyẹn. Òun ló sì wà nídìí ariwo ẹ̀gbọ́n, àti ti gbogbo àwọn tó ń jiyàn káàkiri ìlú lónìí: ẹ̀rù ń bà wọ́n. Ọdún 2026 ni àdéhùn McDavid máa tán. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tó ń bọ̀, ṣé ẹni tó máa mú kí ọmọ náà fẹ́ dúró ni? Ó máa ń ṣe mí bíi pé kí n ṣàánú wọn. Èmi náà sì wà lára wọn báyìí.

Ìbéèrè kan náà ni ọmọ mi bi mí lálẹ́ yìí, bí mo ṣe ń pa iná yàrá rẹ̀.

“Mọ́mì, ṣé McDavid ò ní lọ?”

Mo ní n kò mọ̀. Dúrọ́ọ̀ rẹ̀ ṣí sílẹ̀ díẹ̀, apá aṣọ 97 yọ síta.

Ọ̀la, Islanders ti New York ń bọ̀ ní Rogers Place. Iṣẹ́ alẹ́ ni mo ní. Bàbá ti bẹ̀ mí pé kí wọ́n má fún òun ní oògùn oorun títí ìdíje á fi parí. Mo ní màá bá a bi nọ́ọ̀sì.