Lójú Òṣùwọ̀n ní Ìdànrè

Ọkọ̀ wa láti Àkúrẹ́ kò tíì dé Aládé tí òórùn kòkó ti gba inú ọkọ̀ kan. Kì í ṣe òórùn ṣokoléètì o, òórùn kíkan ni. Òkè ló ń fa àlejò wá sí Ìdànrè, àmọ́ èmi ò gun òkè kankan. Sítọ̀ọ̀ tí wọ́n ti ń ra kòkó ni mo bá lọ.

Bàbá àgbẹ̀ kan gbé àpò kòkó dé lórí ọ̀kadà. Ọmọkùnrin tó ń rà á kí i pé, "Bàbá, ẹ kú oko o," kó sì tó kí i tán, ó ti ki ẹ̀rọ kékeré kan bọ inú àpò. Ẹ̀rọ yẹn ló ń sọ bí omi ṣe kù sí nínú kòkó.

"Bàbá, ó ṣì tutù."

"Èyí tí mo sá láti ọjọ́ yìí wá?"

Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í fà á. Nígbẹ̀yìn, wọ́n yọ kílò díẹ̀ kúrò nítorí omi, Bàbá gbowó, ó ń kùn.

Mi ò dá ọmọ náà lẹ́bi. Bí omi inú kòkó bá kọjá bí ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún, ó lè bu nínú àpò kó tó dé èbúté, ẹni tó rà á ló sì jẹ gbèsè. Àmọ́ Bàbá ò ní ẹ̀rọ tirẹ̀. Ohun tí wọ́n bá kà fún un náà ni.

Èyí tó dùn mí jù ni òkìtì. Kòkó Bàbá, tó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò dáadáa fún bí ọjọ́ mẹ́fà kó lè kan kó tó sá a, ni wọ́n dà lé ti ẹni tó kánjú sá tiẹ̀. Owó kan náà ni wọ́n san fún àwọn méjèèjì. Lẹ́yìn náà ni òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ kòkó wò dé. Ó bu ẹ̀kúnwọ́ látinú àpò bíi mélòó kan, ó ń fi ọ̀bẹ la kóró wọn ní ìkọ̀ọ̀kan: èyí tí inú rẹ̀ ní àwọ̀ eérú, wọn ò bò ó tó. Iṣẹ́ gidi ni, àmọ́ ta ló máa bá wí? Olóko ti lọ sílé.

Àwọn àgbà tó jókòó níbẹ̀ rántí Bọ́ọ̀dù. Láti 1947 ni bọ́ọ̀dù ìjọba ti ń dá iye tí wọ́n máa ra kòkó, títí ìjọba fi tú u ká ní 1986. Ó rẹ́ àgbẹ̀ jẹ dáadáa. Owó kòkó wà lára ohun tó kọ́ Ilé Kòkó n'Íbàdàn, tí wọ́n parí ní 1965. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ mọ iye tó máa gbà kó tó ká kòkó. Ní 2024 tí tọ́ọ̀nù kan kọjá 10,000 dọ́là lọ́jà àgbáyé, ta ló fẹ́ gbọ́ orúkọ Bọ́ọ̀dù? Nígbà tó já wálẹ̀ ní 2025 ni ìrántí tún dé.

Ọ̀rọ̀ tó gbòde báyìí ni wíwọn oko. Òfin tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe ní 2023 ni pé kòkó tó bá ti orí ilẹ̀ tí wọ́n pa igbó rẹ̀ lẹ́yìn ìparí 2020 wá kò gbọdọ̀ wọlé sọ́dọ̀ wọn. Wọ́n ti sún ìgbà tó máa bẹ̀rẹ̀ síwájú, síbẹ̀ àwọn ilé iṣẹ́ tó ń rà á ti ń rán ọmọ kiri pẹ̀lú fóònù láti yí ààlà oko ká, kí wọ́n lè fi hàn pé kì í ṣe orí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni kòkó wọn ti wá. Àwọn àgbẹ̀ ń fura pé owó orí ló ń bọ̀. Ẹ má bú wọn: owó orí ló bí ogun Àgbẹ̀kòyà ní 1968.

Ní Gánà, COCOBOD, iléeṣẹ́ ìjọba, ló ń forúkọ àgbẹ̀ sílẹ̀. Ní tiwa, inú fóònù oníbàárà ni oko ń gbé. Bí àgbẹ̀ bá yí oníbàárà padà, wọ́n á tún un wọ̀n. Èmi rò pé ọwọ́ ìjọba ló yẹ kí àwòrán oko wà, kí ẹ̀dà kan sì wà lọ́wọ́ olóko.

Bàbá yẹn ti rò ó ṣáájú mi. Ó bi ọmọ tó ń wọn oko bóyá òun náà máa rí ìwé rẹ̀ gbà.

"Bàbá, màá bá yín béèrè ní ọ́fíìsì."

"Kí o tó béèrè dé, màá ti ta kòkó mi fún ẹlòmíràn."